Ẹ Jẹ́ Ká Tẹ̀lé Panla Dé Ilé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìrìn àjò ni mo gbé wá lónìí.

Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó ń rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù, ìlú ńláńlá ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á dé Paris, wọ́n á dé Rome. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra aṣọ, wọ́n á jẹ adìyẹ díndín irú èyí tí wọ́n ń jẹ ní Ìkẹjà, wọ́n á sì padà sílé. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Oko gan-an ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí, ibi tí oúnjẹ ti ń jáde wá, tí àwọn tó ni ín ti ń jẹ ẹ́ kí àlejò tó bá wọn jẹ ẹ́.

Ohun tí mo rí nípa Yúróòpù ni pé kò sí oúnjẹ kan tó ń jẹ́ oúnjẹ Yúróòpù. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ìlú méjì tí rélùwéè fi wákàtí kan pín níyà lè máà fi irú ọ̀rá kan náà se ọbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, owó yóò tán, ọjọ́ yóò tán, kò sì ní rántí ohun tó jẹ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kéèyàn mú oúnjẹ kan ṣoṣo, kó tẹ̀lé e láti ibi tí wọ́n ti ń pa á dé ibi tí wọ́n ti ń sè é. Èyí tí mo mú fún yín lónìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Panla ni. N kò sọ nípa ti inú fíríìsà o. Panla gbígbẹ ni mò ń sọ, èyí tó le bí igi, tí àwọn ọlọ́jà tún ń pè ní òkúpòrókò, tí òórùn rẹ̀ máa ń júwe ṣọ́ọ̀bù fún oníbàárà kó tó rí ọlọ́jà.

Láti orílẹ̀-èdè Nọ́wè ló ti ń wá. Lórí máàpù, ẹ wo òkè téńté Yúróòpù, ẹ ó rí àwọn erékùṣù kan tó tò gba inú òkun lọ. Orúkọ wọn ni Lofoten. Wọ́n jìnnà sí àríwá débi pé nínú oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ rárá níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oòrùn kì í wọ̀. Àmọ́ òkun ibẹ̀ kì í di yìnyín, nítorí pé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn láti apá gúúsù la òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé ọ̀dọ̀ wọn. Òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù, ooru ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ panla sinmi lé nìyẹn, bí mo ṣe máa ṣàlàyé.

Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin lọ́dọọdún, ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀dù máa ń kúrò nínú òkun Barents, ní òkè lọ́hùn-ún, wá yé ẹyin sí àyíká Lofoten. Àwọn apẹja ti ń dúró dè é. Wọ́n ti ń dúró dè é bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Bí wọ́n bá ti pa á, wọ́n á gé orí, wọ́n á kó ìfun, wọ́n á fi okùn so ẹja méjì pọ̀ níbi ìrù, wọ́n á sì gbé e kọ́ sórí àgbéró igi tí wọ́n kàn sí etí òkun. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i. Wọn kì í yan án. Afẹ́fẹ́ òkun ló ń gbẹ ẹ́ di panla, láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún.

Àwọn bàbá wa ní tútù là ń ká ẹja, bó bá gbẹ, ṣíṣẹ́ ni í ṣẹ́. Àwọn ará Lofoten mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí nínú iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹja sórí igi, ooru á dé, eṣinṣin á dé, ẹja á bàjẹ́. Bí òtútù bá sì le jù lẹ́yìn tí wọ́n gbé e kọ́, omi inú ẹja á di yìnyín, ẹran ara rẹ̀ á fọ́, kò ní ṣeé tà fún ẹni tó mọ ojúlówó. Ìdí nìyí tí kò fi sí ibòmíràn tó lè fi ìrọ̀rùn ṣe irú rẹ̀. Kọ́ọ̀dù wà ní ibi púpọ̀ nínú òkun, afẹ́fẹ́ Lofoten ni kò sí níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n bá fi máa sọ ọ́ kalẹ̀, ẹja tó wọn kílò márùn-ún lè máà ju kílò kan lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló sì lè lò lórí pẹpẹ láìbàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn èèyàn kan tó jẹ́ pé kí wọ́n ya ẹja sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á gbé panla kan lọ́wọ́, á wo ikùn rẹ̀, á fi ọwọ́ te ẹ̀yìn rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló máa sọ ibi tó ń lọ. Bí ogún ọ̀nà ni wọ́n lè pín in sí. Èyí tó gùn, tó tẹ́jú, tí ara rẹ̀ mọ́, Ítálì ló ń lọ. Èyí tí kò dán tó bẹ́ẹ̀, àti orí tí wọ́n gé sọ́tọ̀, tí wọ́n gún lókùn tí wọ́n sì gbé kọ́ láyè tirẹ̀, Nàìjíríà ló ń lọ. Ọ̀dọ̀ wa ni ọjà orí panla wọn wà ju ibikíbi lọ. Nọ́wè ti ń kó panla ránṣẹ́ sí wa kí a tó gba òmìnira. Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, ó wà lára oúnjẹ tí àwọn aláàánú kó lọ fún àwọn tí ebi ń pa ní Biafra, nítorí pé kò nílò fíríìjì, oúnjẹ tó ń fún ara lókun ló sì kún inú rẹ̀.

Kí orí yẹn tó di tiwa, àwọn ọmọdé Lofoten ti fọwọ́ kàn án. Àṣà kan wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi nínú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n máa ń gé ahọ́n ẹja. Bí wọ́n bá jáde ilé ìwé lásìkò ẹja, wọ́n á wọ aṣọ ọ̀rá àti bàtà òjò, wọ́n á lọ sí ilé iṣẹ́ ẹja, wọ́n á fi orí ẹja gún irin ṣóńṣó, wọ́n á fi ọ̀bẹ yọ ahọ́n. Owó rẹ̀, tiwọn ni, òbí kò sì ní gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á wá yí ahọ́n yẹn nínú ìyẹ̀fun, wọ́n á fi bọ́tà dín in. Ẹ̀yin tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fo yín dá. Ó rọ̀, ó sì ń yọ̀ lẹ́nu díẹ̀, adùn rẹ̀ ò jọ ti ẹran ara ẹja tó kù. Orí tí ọmọ ọdún mẹ́wàá yọ ahọ́n rẹ̀ ní Lofoten lè jẹ́ èyí tí ìyá kan ń sè pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ní Mushin.

Àmọ́ oúnjẹ tó yẹ kéèyàn torí rẹ̀ dé Lofoten ni èyí tí wọ́n ń pè ní mølje. Kọ́ọ̀dù tútù tó jáde nínú omi lọ́jọ́ yẹn ni, wọ́n bọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀ fún ìgbà díẹ̀ péré, wọ́n se ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n se ẹyin rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sínú àwo kan pẹ̀lú ọ̀dùnkún. Kò sí ata níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dun ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tí mo gbà gbọ́: ẹja tó tutù tó báyẹn, ata á bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Inú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ló dára jù. Nọ́wè wọ́n púpọ̀, n kò ní tàn yín. Ilé oúnjẹ ibẹ̀ lè gba owó tí yóò mú kí ẹni tó ní lọ́wọ́ pàápàá ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó dára ni pé àwọn ilé onígi pupa tí àwọn apẹja ń gbé nígbà kan rí ti di ilé àlejò báyìí, ilé ìdáná sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ lè ra ẹja ní èbúté, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín sè é. Bí ẹ bá sì dé abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Å, tí orúkọ rẹ̀ kò ju lẹ́tà kan lọ, ẹ óò rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó jẹ́ ti panla nìkan ṣoṣo.

Láti Lofoten, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó panla lọ sí ìlú Bergen láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi náà ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ wọ̀ bí àyè bá wà, nítorí pé àwọn ọkọ̀ tó ń gba etíkun Nọ́wè ṣì ń dúró ní Svolvær àti Stamsund ní Lofoten kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sí Bergen. Ní nǹkan bí ọdún 1360, àwọn oníṣòwò Jámánì ti ẹgbẹ́ Hansa dá ibùdó sílẹ̀ sí ìlú yẹn. Wọ́n ń kó ọkà wá, wọ́n ń kó panla lọ. Ilé onígi tí wọ́n tò sí èbúté wà níbẹ̀ di òní, Bryggen ni wọ́n ń pè é, àjọ UNESCO sì ti fi í sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti 1979. Nítorí ìbẹ̀rù iná, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni dáná nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn. Ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ́ sẹ́yìn fún oúnjẹ sísè àti yíyáná. Ẹ jẹ ọbẹ̀ ẹja wọn kan ní Bergen, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú, nítorí Ítálì ló kù.

Báwo ni ẹja Nọ́wè ṣe di ọmọ onílé ní Ítálì? Ní 1431, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọ ìlú Venice, Pietro Querini, gbéra láti erékùṣù Crete, ó kó ọtí wáìnì lọ sí Flanders. Ìjì kọlù wọ́n, ọkọ̀ wọn fọ́, wọ́n wọ ọkọ̀ kéékèèké, òkun sì ń gbé wọn lọ sókè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kú. Ní oṣù Kìíní 1432, ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́kù gúnlẹ̀ sí tòsí Røst, erékùṣù tó wà ní ìkángun Lofoten. Àwọn apẹja ibẹ̀ rí wọn, wọ́n kó wọn sílé, wọ́n bọ́ wọn, wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ títí òtútù fi rọlẹ̀. Querini kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó dé ilé. Ó yin àwọn èèyàn náà fún inú rere wọn, ó sì ṣàpèjúwe ẹja tí wọ́n ń gbẹ nínú afẹ́fẹ́ láìfi iyọ̀ sí i, títí yóò fi le bí igi.

Ohun kejì ni ẹ̀sìn. Ìjọ Kátólíìkì ní àwọn ọjọ́ tí wọn kì í jẹ ẹran, ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Trent láti 1545 sí 1563 sì túbọ̀ fi ẹsẹ̀ òfin wọ̀nyẹn múlẹ̀. Àwọn ìlú tó jìnnà sí òkun nílò ẹja tí kò ní bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Panla ló dáhùn. Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ jẹ́ ọmọ Àgùdà, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín, nítorí pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a fi ń rántí ikú Jésù, fìréjọ̀n àti ọbẹ̀ ẹja ni ẹ ń jẹ, ẹran kì í wọlé.

Ní Venice, ẹ má jókòó sí ilé oúnjẹ tó yí gbàgede San Marco ká. Owó ìwòran ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, oúnjẹ kọ́. Ẹ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Rialto, ẹ óò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré tí àwọn onílé ti ń dúró jẹun ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ béèrè fún baccalà mantecato. Wọ́n se panla títí ó fi rọ̀, wọ́n yọ eegun àti awọ, wọ́n wá ń lù ú, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń da òróró ólífì sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di funfun, tó fúyẹ́, tó ṣeé fi pa búrẹ́dì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un, kò lè gbà láé pé ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú ohun tí a ń fi ayùn rẹ́ lọ́jà. Wáìnì ni àwọn onílé ń mu sí i. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ lè béèrè omi. Ẹja àti òróró ló wà nínú oúnjẹ náà, kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú.

Vicenza kò jìnnà sí Venice, rélùwéè ò tó wákàtí kan. Ibẹ̀ ni mo gbà pé ìrìn àjò yìí ti dé góńgó. Wọ́n á rẹ panla fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, wọ́n á dín in nínú òróró ólífì pẹ̀lú ẹja sàdíìnì oníyọ̀. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun díẹ̀ bọ́ ẹja lára, wọ́n á tò ó sínú ìkòkò, wọ́n á da mílíìkì lé e, wọ́n á rẹ́ wàràkàṣì lé e, wọ́n á wá fi òróró bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi sè é, fún bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi síbí rò ó. Ìkòkò ni wọ́n ń mì. Polenta ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò lórí iná bí túwó. Wọ́n tilẹ̀ gbà pé bó bá sùn mọ́jú ló dùn jù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni ohun tí wọ́n ṣe ní Sandrigo, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Vicenza. Ní 1987, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti dáàbò bo ọbẹ̀ yìí. Wọ́n kọ bí a ṣe ń sè é sílẹ̀, wọ́n sì ń yan àwọn ilé oúnjẹ tó ń sè é bó ṣe yẹ. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún panla, àwọn ará Røst sì máa ń wá bá wọn ṣe é, nítorí pé ìlú méjèèjì ti so okùn ìbáṣepọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja tí wọn kò jọ pa ni wọ́n fi di ọ̀rẹ́. Ní 2014, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ panla Lofoten, pé ẹja ibòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn.

Àwa náà ńkọ́? A ti ń ra panla yìí fún ìran mélòó kan. Owó wa wà nínú ilé àwọn apẹja wọ̀nyẹn, orí tí wọn kò ní rí ibi tà ni a sọ di ọbẹ̀ aládùn. Àwọn ìyá wa mọ bí a ṣe ń rẹ ẹ́, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kó wọ inú ẹ̀fọ́, wọ́n mọ èyí tó yẹ fún ẹ̀gúsí. Ìmọ̀ ni, kò kéré sí ti Vicenza. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ọ, kò sì sí ìwé tó pọ̀ tó fi í pamọ́. Ẹ̀yin tí ìyá yín àgbà ṣì ń dáná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, láti omi àkọ́kọ́ dé ìgbà tó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ lọ, ẹ fetí sí èyí. Físà Schengen kan náà ló ń gba èèyàn wọ Nọ́wè àti Ítálì. Físà Ìlú Ọba kò gbà yín wọ ibì kankan nínú méjèèjì. Orílẹ̀-èdè tí ẹ óò ti lo ọjọ́ púpọ̀ jù ni kí ẹ ti gbà á, wọ́n sì ń gba ìwé yín láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ fi àkókò sí i, nítorí pé tó bá ti di oṣù Kẹfà, wọ́n ti ń kó panla kúrò lórí igi.